Níbo Ni Ẹ̀tọ́ Oníbàárà Dé? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ọjà, Ìbínú àti Òṣèlú



Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí ọlọ́jà bá fi hàn pé ẹgbẹ́ òṣèlú báyìí lòun ń ṣe, tí inú sì bí àwọn tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ni ẹ̀tọ́ wọn dé láti fi ọjà fìyà jẹ ẹ́?

Ìdáhùn mi kò gùn. Owó tó wà lápò oníbàárà ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé. Ó lè kó owó tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́jọ́ tó bá wù ú, kò sì di dandan kó ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dí ẹlòmíràn lọ́nà kó má rà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan ọjà ọlọ́jà, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fìyà ẹni tó sọ̀rọ̀ jẹ ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń gbé lẹ́sẹ̀.

1. Ta ni ọlọ́jà, kí sì ni gbígbè sẹ́yìn òṣèlú?

Ọlọ́jà tí mò ń wí kì í ṣe ìyá tó pàtẹ ata nìkan. Iléeṣẹ́ ńlá tó ní ìsọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ ìwé ìròyìn tà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọjà ni ìwé ìròyìn, owó la fi ń rà á láràárọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń retí kí á mú owó wá bá òun ni mò ń pè ní ọlọ́jà lónìí.

Gbígbè sẹ́yìn òṣèlú ló ṣòro díẹ̀ láti là, nítorí ohun mẹ́ta ni a máa ń pò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ sọ ọ́: ó fi ẹnu ara rẹ̀ polongo, ó lẹ fọ́tò olùdíje mọ́ ìsọ̀, ó dé fìlà ẹgbẹ́ tajà. Ìkejì ni kí àwọn olórí ọjà sọ ọ́ lórúkọ gbogbo ọjà, yálà oníkálukú fọwọ́ sí i tàbí kò fọwọ́ sí i. Ìkẹta ni kí ọlọ́jà má sọ nǹkan kan rárá, ṣùgbọ́n kí aráyé wo ẹ̀yà rẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè tó ti wá, kí wọ́n sì pín in sí ẹgbẹ́ kan.

Àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ́ ìpinnu ọlọ́jà. Ìkejì kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Alímọ̀túù Pẹ́lẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọjà l'Ékòó tó kú ní 1951, kò fi bò pé ẹ̀yìn Herbert Macaulay àti ẹgbẹ́ NNDP rẹ̀ lòun wà. Òun náà ló kó àwọn obìnrin jọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ máa dá iye lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn fún wọn, nínú ètò tí Captain Pullen ń darí. Ṣùgbọ́n gàrí tí wọ́n ń tà gan-an ni ìjà yẹn dá lé, kò sẹ́ni tó wà lọ́jà tí kò kàn. Lóde òní, Fọláṣadé Tinúbú-Òjó, ọmọ Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú, ló di ìyálọ́jà Èkó lẹ́yìn ikú Alhaja Àbíbátù Mọ́gàjí ní June 2013. Nígbà tí ipò ọjà àti ìdílé olóṣèlú bá sún mọ́ra tó báyìí, báwo ni aláta kan ṣe fẹ́ dìde kó ní òun kò sí níbẹ̀? Kí oníbàárà tó bínú, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ohùn ta ni òun gbọ́.

Ìbínú oníbàárà náà ní ìpele. Kí n má rà mọ́, ìyẹn ni ìkẹ̀yìnsí. Kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ìwọ náà má wọlé, ìyẹn ni ìdènà. Kí n fọ́ gíláàsì, kí n kó ẹrù lọ, ìyẹn ni ìbàjẹ́. Ààlà tí mo fà, àárín ìkẹ̀yìnsí àti ìdènà ló wà.

2. Ìsọ̀ kan ní Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jẹ́ kí n mú un sún mọ́ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, obìnrin kan ń tajà lójú ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ: gàrí Ìjẹ̀bú nínú abọ́ ńlá, ìrẹsì, ẹ̀wà, wàrà inú ọ̀rá, omi tútù nínú fírísà. Gbogbo wa la rántí pé owó náírà di àwátì nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ní báńkì, wọn kò rí i ná. Obìnrin yìí ń gba tiransifá lọ́wọ́ wọn. Bí áláàtì kò bá tètè wọlé, á ní kí wọ́n máa gbé ọjà lọ, á kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

Nígbà tí ìdìbò ààrẹ ku díẹ̀, ó lẹ fọ́tò Aṣíwájú mọ́ ara fírísà. Peter Obi ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ń ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì. Àwọn kan kọ ọ́ sórí WhatsApp pé kí ẹnikẹ́ni má rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan fi èédú kọ èébú sára pákó ìsọ̀ náà. Èyí tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé lára àwọn tó kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí i ni àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtumọ̀ tí a ṣe wọn ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba iwájú ìsọ̀ kọjá ṣe ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ sí. Owó rẹ̀ ni. Èyí tó rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó má rà níbẹ̀ mọ́ kò tíì kọjá ààlà, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbà, ó sì lè kọ̀. Ẹni tó mú èédú lóru ti kọjá ààlà. Pákó onípákó ni. Ti àwọn onígbèsè ńkọ́? Ohun tó wà nínú ìwé obìnrin yẹn kì í ṣe ti APC Aṣíwájú, kì í ṣe ti Labour Obi. Owó gàrí tí wọ́n ti jẹ tán ni. Ẹni tó fi ìbínú òṣèlú bo gbèsè mọ́lẹ̀ kò kẹ̀yìn sí ọlọ́jà. Ó jà á lólè ni.

3. Tábìlì fẹ́ńdọ̀

Àwa Ìjẹ̀bú kò lè ṣe bí ẹni pé ọjà àti òṣèlú kò mọ ara wọn rí. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ Pàǹpá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọjà ní ohùn nínú ìṣàkóso ìlú. Ọ̀nà ọjà tí a tì mọ́ àwọn Òyìnbó láyé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe wà lára ohun tó fa ogun Ìmàgbọn ní May 1892. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó kún jù fún ìbéèrè tiwa, ìdí ìwé ìròyìn ló wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní November 1949. Ẹni tó ra Tribune mọ ohun tó rà. Ohùn Awólọ́wọ̀ ni, nígbà tó yá ó di ohùn ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, dé, ìjọba náà dá Daily Sketch sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964. Lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìwé Dẹ́mọ, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, ni, wọn kì í rà á. Títí dé ibẹ̀, n kò rí ẹ̀bi kankan.

Ọ̀rọ̀ kò dúró síbẹ̀. Láàárín 1964 sí 1965, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de Tribune ní agbègbè wọn. Àwọn kan ní Ìlà-Oòrùn náà fòfin de Sketch àti Morning Post. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin kan fẹ́ ra ìwé pẹ̀lú owó tó fi oko kòkó wá; kánsẹ́lọ̀ ló ní kò gbọ́dọ̀ rà á. Ìkẹ̀yìnsí ti di ìdènà. Lẹ́yìn ìdìbò October 1965, ìdènà náà di wẹ́tìẹ̀, wọ́n ń da bẹntiróò sára ènìyàn, wọ́n ń sọ iná sílé. Àwọn àgbà tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí mọ bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣe gbóná tó nígbà yẹn. N kò ní láti pìtàn rẹ̀ fún wọn.

Ó wá di March 1980. Olóyè M. K. O. Abíọ́lá, olówó ọmọ Ẹ̀gbá tó wà nínú NPN, bẹ̀rẹ̀ National Concord. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lọ́wọ́ UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ tó ń bá NPN díje. Gómìnà wa nígbà náà, Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ, jẹ́ akọ̀ròyìn tí àwọn òǹkàwé mọ̀ sí Ayékòótọ́. Òun ló tún dá yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè sílẹ̀ ní 1982. Ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́ lábẹ́ ìjọba UPN. Ìyá tó ń ta obì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó mọ ohun tó ti ń san lórí àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé Awólọ́wọ̀ fún un. Kò pẹ́ tí Concord dáyé tó fi gbé ìròyìn jáde lórí ilẹ̀ Màrókó l'Ékòó, tó ń fẹ̀sùn kan Awólọ́wọ̀ pé ó kó ilẹ̀ rẹpẹtẹ jọ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ UPN ti ka ìwé náà sí ọ̀tá. Àwọn kan kò jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Fẹ́ńdọ̀ ló wà láàárín. Ẹ wo tábìlì rẹ̀: pákó tí wọ́n gbé lé bẹ́ǹṣì méjì, òkúta lórí ìwé kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, Tribune lókè níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, Concord nísàlẹ̀. Èrè kékeré lórí ẹ̀dà tó bá tà ni tirẹ̀. Èyí tí kò bá tà, á dì í padà fún ẹni tó gbé e fún un. Kì í ṣe ọmọ NPN. Kò bá Abíọ́lá pàdé rí. Síbẹ̀ òun ni àwọn tó dúró yí tábìlì ká, tí púpọ̀ nínú wọn ń ka ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń kọjú èébú sí. Ẹ̀tọ́ wọn láti má ra Concord pé pérépéré. Ẹ̀tọ́ láti bú ọkùnrin yìí, n kò rí i níbì kankan.

Abíọ́lá fi NPN sílẹ̀ ní 1982. Lẹ́yìn ìyẹn ni 12 June 1993 dé, ìbò ààrẹ tí ó borí, tí ìjọba ológun sì fagi lé. Ìwé tí wọ́n ń bú ní 1980 di èyí tí wọ́n ń wá kiri. Ní July 1993, ìjọba Babangida ti iléeṣẹ́ Concord pa, ó ti Punch pa, ó sì ti Sketch pa mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni, Sketch yẹn kan náà tí ọlọ́pẹ kì í rà ní 1964. Láyé Abacha, ní 1994, wọ́n tún ti Concord pa.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ọ̀rọ̀ mi. Ọmọ UPN tó kọ̀ láti ra Concord ní 1980 rí àyè yí ọkàn padà ní 1993, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ìpinnu wà. Ó tì í, ó tún ṣí i. Èyí tí ṣọ́jà fi àgádágodo tì, kò sí oníbàárà tó lè ṣí i. Bóyá ìwé kan yẹ láti rà tàbí kò yẹ, kì í ṣe kánsẹ́lọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe ṣọ́jà, kì í sì í ṣe ọmọ ìta tó dúró ti tábìlì. Ẹni tó fẹ́ yọ owó lápò ló ni ín.

4. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀

Mo ti sọ pé ìkẹta nínú ohun tí a máa ń pò pọ̀ ni ti ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Òun ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ní September 2019, ìròyìn kàn wá pé wọ́n ń kọlu àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àjèjì mìíràn ní Johannesburg. Àwọn èrò ya bo ìsọ̀ Shoprite l'Ékòó. Wọ́n kọlu ọ́fíìsì MTN l'Ékòó àti ní Ìbàdàn. MTN sì ti àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì tó ní kí wọ́n kọlu ẹnikẹ́ni. Gúúsù Áfíríkà ni orírun wọn, ó tán. Àwọn tó ń gba owó níbẹ̀, tí wọ́n ń to ọjà, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ wa ni wọ́n. Ẹni tí inú bí gidi ì bá yí síìmù rẹ̀ padà. Ìyẹn wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, iléeṣẹ́ náà yóò sì gbọ́ ọ.

Ti 2023 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú ilé la ti ṣe é. Nígbà tí Labour borí l'Ékòó nínú ìbò 25 February, kí ìbò gómìnà ti 18 March tó dé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé kí Yorùbá má rajà lọ́wọ́ ọmọ Ígbò mọ́. Mo fẹ́ sọ èyí kí ó yé gbogbo ènìyàn inú gbọ̀ngàn yìí: ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ọmọ Ígbò tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, n kò mọ ẹni tó dìbò fún, ìwọ náà kò mọ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tí ìwọ dìbò fún ni. Ìkọ̀kọ̀ ni a fi ìbò sí kí ẹnikẹ́ni má bàa fìyà rẹ̀ jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí pé àwọn ọmọ tiwa náà ń tajà ní Kánò, ní Accra, ní Abidjan. Tí àwọn ara ibẹ̀ bá fi orúkọ nìkan ṣèdájọ́ wọn, kí ni a óò sọ?

Ẹnìkan lè bi mí pé owó ṣáà ni owó, ta ni yóò fipá mú mi rajà lọ́wọ́ ẹni tí n kò fẹ́? Kò sí ẹni tó lè fipá mú ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí mò ń sọ, ìdáhùn sí ohun tí ẹnìkan ṣe ni. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, kí ni ò ń dá a lóhùn? Ẹni tó kórìíra ẹ̀yà kan, kó má pe ìkórìíra rẹ̀ ní òṣèlú.

5. Ohun tó ń dun oníbàárà gan-an

A máa ń rò pé inú ń bí oníbàárà nítorí pé ọlọ́jà ní ẹgbẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ NPN náà ń ka Tribune, wọ́n sì mọ ibi tó dúró sí. Ohun tó ń dun oníbàárà ni kó rò pé wọ́n ń fi owó òun bá òun jà, tàbí pé ẹni tó ń ṣe bí ọ̀rẹ́ ń purọ́ fún òun.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Maryland rí irú rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis ní 2020, ìlú kan náà tí olú iléeṣẹ́ Target wà, Target ṣèlérí pé òun yóò ná ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú kí 2025 tó parí. Ní January 2025, lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà yí padà, ó kéde pé òun ń fòpin sí púpọ̀ nínú ètò tó jọ bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ Jamal Bryant ní kí àwọn Kristẹni fi ogójì ọjọ́ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì yẹra fún àwọn ìsọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gbà. Costco náà jẹ́ ọlọ́jà ńlá ní Amẹ́ríkà; kò yí ètò tirẹ̀ padà, àwọn wọ̀nyí kò sì kẹ̀yìn sí i. Ìlérí tí Target yẹ̀ ló dùn wọ́n. Mo sì fẹ́ràn ọ̀nà tí wọ́n gbà: ẹnikẹ́ni tó bá ṣì fẹ́ wọlé rajà níbẹ̀, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un.

6. Ohun tó kù sọ́wọ́ ọlọ́jà

Ṣé kí ọlọ́jà wá dákẹ́ ni? Rárá. Ọmọ ìlú ni. Abala 39 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 fún un ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀, abala 40 fún un láyè láti wọ ẹgbẹ́ tó wù ú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti lẹ fọ́tò mọ́ fírísà dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀tọ́ oníbàárà láti gba iwájú rẹ̀ kọjá. Obìnrin Àgọ́-Ìwòyè yẹn sọ fún mi pé òun kò kábàámọ̀ pé òun lẹ fọ́tò. Èébú tí wọ́n kọ sára pákó òun ló dun òun. Mo gbà pé ó jàre.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí wọ́n sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Ọdún 2027 kò jìnnà mọ́, àwọn olùdíje yóò sì tún máa wá kí ọjà. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti babalọ́jà wa, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ ti ọjà pa nítorí pé ẹnìkan fẹ́ wá polongo, ẹ wo ìyá tó gbé ẹja tútù wá láti Mákùn-Omi létí omi. Yìnyín rẹ̀ ń yọ́. Kò tíì gba owó ọkọ̀ padà. Ó di ọjọ́ márùn-ún kí ọjà rẹ̀ tó tún yí. Bí àwọn èrò bá wá rí i nínú fọ́tò pẹ̀lú fìlà ẹgbẹ́ tí wọ́n dé fún un, òun ni àwọn ẹgbẹ́ kejì yóò kẹ̀yìn sí, kì í ṣe olùdíje tó ti wọkọ̀ lọ.

Nítorí náà mo mú àbá kan wá fún àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Abígi. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí olórí kankan tó lè kéde olùdíje lórúkọ gbogbo ọjà. Kí ẹ má bu owó ìpolongo lé ẹnikẹ́ni. Kí ọjà má tì nítorí àbẹ̀wò olóṣèlú. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ fọ́tò, kó lẹ ẹ́ sí ìsọ̀ tirẹ̀, kó mọ̀ pé àwọn kan lè gba iwájú rẹ̀ kọjá, kí ẹgbẹ́ sì dìde fún un bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan pákó rẹ̀. Kí ẹ bu ọwọ́ lù ú kí ìpolongo tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kà á sétí olùdíje àkọ́kọ́ tó bá wá kí yín.